Ìgbakọ tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Mi Nínú Sáúnà

Oko Koivuniemi,
Ọjọ́ Àìkú.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Aune,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo gbọ́ pé orúnkún yín ti ń gbé yín dé ìdí àwọn màlúù báyìí, ọpẹ́ ni. Ara tèmi náà le, inú mi ni kò dáa.

Ilona ni, ìyàwó tí Veikko ọmọ mi fẹ́ wá láti Họ́ngárì. Ó ń kọ́ èdè wa. Ọ̀rọ̀ tó mú lọ́sẹ̀ yìí ni löyly, ooru tó ń dìde bí a bá da omi sórí òkúta gbígbóná nínú sáúnà. Ó kọ gbogbo bí ìrù ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yí padà sínú ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi tí a ti ń bọ́ṣọ. Löylyä, bí a bá fẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Löylyn, bí nǹkan bá jẹ́ ti rẹ̀. Löylyssä, bí a bá wà nínú rẹ̀. Mo kà á dé méjìlá kí inú tó bí mi. Èmi oníwèé mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ ti wà lẹ́nu mi látìgbà tí mo ti ń rákòrò, ta ló yìn mí rí? Veikko wá ń pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni tó bí ìbejì.

Ní Sátidé, àwa obìnrin wọlé lọ wẹ̀. Màmá Saimi, ìyá ọkọ mi, bi Ilona ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ní èdè tiwọn, ọ̀rọ̀ tó bá a tan túmọ̀ sí ẹ̀mí èèyàn. Màmá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi àgbà máa ń sọ, pé èémí ni. Hilkka, gbé ìgbakọ omi fún ìyàwó." Ẹ̀gbọ́n mi! Ọdún mẹ́tàlélógún ni èmi nìkan ti ń da omi nínú ilé yẹn. Àfi bí ìgbà tí wọ́n gba ọmọ lẹ́yìn mi.

Ìlara tì mí. Mo ní, "Ìyàwó, bù ú kún dáadáa, má ṣahun." Ó dà á. Ooru bò wá bí iná. Etí mi ń ta mí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àga òkè tí a jókòó sí ni wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí di Kérésì, n ò mira. Ilona náà ò mira. Màmá, tí àgbà gbà láyè, bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Bí ẹ bá jinná, ẹ pè mí."

Ni Ilona bá na ìgbakọ sí mi. Ó ní, "Ìyá, ẹnu mi ló mọ̀ ọ́n, ọwọ́ mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi."

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo kọ́ ọ: omi díẹ̀, sórí òkúta ẹ̀yìn, kó jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ rọlẹ̀ ná. Ó dà á bẹ́ẹ̀, ooru kejì rọ̀ bí òwú. Màmá gòkè padà, Ilona ni wọ́n yìn! Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ṣùgbọ́n n ò sọ fún un pé mo máa ń tẹ́tí sí ìró òkúta kí n tó da omi. Ìyẹn di ọdún tó ń bọ̀, bó bá tún bẹ̀ mí.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn yìí pẹ́ fún yín, kí wàrà má gbẹ lọ́dọ̀ yín.

Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín,
Hilkka.

Ẹ tún gbọ́: Ilona máa bá mi wá sọ́dọ̀ yín nígbà àjọ̀dún àárín ẹ̀ẹ̀rùn. Sáúnà tiyín ni o, ẹ̀yin lẹ ni àṣẹ. Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni kí ẹ gbé ìgbakọ fún.