Àbá Òfin Kì Í Ṣe Ogún

Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún márùn-ún pé lónìí tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún márùn-ún gbáko!

Ìyàwó yín wà dáadáa. Orúnkún nìkan ló ń dà á láàmú. A ti kan òrùlé ilé tí ẹ kò parí. Àbíkẹ́yìn yín ti di lọ́yà, inú ọ́fíìsì oníyàrá méjì tí ẹ ti ṣiṣẹ́ lọ́yà fún ogún ọdún kí wọ́n tó dìbò yàn yín sílé aṣòfin ló wà.

Ọ̀rọ̀ káfíńtà yẹn kò kúrò lọ́kàn yín. Ó rò pé ìwé àdéhùn ìyáǹlò lòun ń tẹ̀ka sí, àṣé ó ti ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀! Ẹ gba ẹjọ́ rẹ̀ rò, ẹ pàdánù. Láti ọjọ́ náà, oníbàárà tí kò mọ̀wé kò gbọdọ̀ tẹ̀ka lọ́dọ̀ wa àfi kí èmi atẹ̀wé yín ka ìwé náà sí i létí ní èdè rẹ̀, kí òun náà sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́ lójú ẹlẹ́rìí kan. Ìyẹn lẹ gbé lọ sílé aṣòfin. Wọ́n ti kà á lẹ́ẹ̀mejì nínú ẹ̀ẹ̀mẹta kí ikú tó dé.

A rò pé ẹlòmíràn yóò kàn gbà á níbi tí ẹ bá a dé. Rárá o! Mo wá ìwé ìlànà ilé náà rí, mo tú u palẹ̀ bí mo ṣe máa ń tú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín. Bí sáà ilé aṣòfin bá ti parí, àbá tí kò tíì dòfin ti kú nìyẹn. Ilé ń di ogún, mọ́tò ń di ogún. Àbá òfin kì í ṣe ogún. Ẹnìkan ní láti gbé e wọlé lákọ̀tun.

Ta ló wà níjòkòó yín? Mo-Takò-Ó, bí ẹ ṣe máa ń pè é! Lọ́yà tó fẹ̀yìn yín balẹ̀ nínú ẹjọ́ káfíńtà gan-an. Mo gbé fáìlì àbá náà lọ bá a. Ó kà á tán, ó mí kanlẹ̀: "Àǹtí Atẹ̀wé, ẹ̀gbọ́n yín ò jẹ́ kí n sinmi ní kóòtù, ẹ tún gbà á ṣe lọ́wọ́ rẹ̀." Ó ní ẹlẹ́rìí kan kò tó, kí a sọ ọ́ di méjì. Mo tún un tẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n fọwọ́ sí i. Ó ti dòfin! Orúkọ yín kò sí nínú rẹ̀. Òfin kì í jẹ́ orúkọ bàbá.

Nígbà tí ẹ̀dà tiwa dé, mo kà á dé òpin, mo dìde, mo ń gbé e bọ̀ wá fún yín ní yàrá kejì kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti rántí.

Àárò yín ń sọ gbogbo wa, ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún márùn-ún, ẹsẹ̀ mi kò tíì gbà pé ẹ ti lọ.