Ìyàwó Rẹ Tí A Fi Àwọ̀n Fà Jáde

Badore, létí ọ̀sà,
Oṣù kẹjọ, 1977.

Tàjùdéèn ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Súrùlérè? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run tó fi ọ̀sà síwájú ilé wa tí kò jẹ́ kó wọlé bá wa, òun ni yóò máa ṣọ́ ọ. Àmín. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀.

Kò sí ohun tó ṣe ìyàwó wa àti Sìdíkàt ọmọ yín tí o ní kí wọ́n wá lo họlidé lọ́dọ̀ wa. Mo tètè sọ ìyẹn kí àyà rẹ má baà já sí èyí tó ń bọ̀. Ìyàwó náà níwà. Orúkọ rẹ̀, Ánà, ló ṣì ń yà mí lẹ́nu, pé àwọn òbí rẹ̀ ní Pólándì lọ́hùn-ún ti mọ̀ láti ọjọ́ ìkómọ pé àna wa ni wọn yóò jẹ́. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi fúláwà tí wọ́n pò pọ́n ànàmọ́ tí wọ́n gún, wọ́n á wá sè é lómi. Bàbá rẹ jẹ ẹ́ títí wọ́n fi tú okùn ṣòkòtò. Èmi náà kọ́ ọ bí a ṣe ń yan ẹja, èéfín wọ̀ ọ́ lójú, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni ẹ̀rù fẹ́ẹ̀ pa mí. Ìyàwó rẹ fẹ́ wọ ọ̀sà, ó de gíláàsì ńlá mọ́jú, ó ki ọ̀pá kan bọ ẹnu. Mo rò pé ìkòkò tábà àwọn òyìnbó ni, n kò sì bá a wí, mo ní àlejò ni. Ìgbà tí n ó tún gbójú sókè, Tájù, n kò rí èèyàn mọ́, ọ̀pá nìkan ló dá dúró lójú omi, ó ń rìn lọ. Mo figbe ta, mo ní mo gbé, omi ti gbé ọmọ ọlọ́mọ, tábà rẹ̀ nìkan ló kù, kí ni n ó sọ fún Tájù, èdè wo ni n ó fi bẹ ìyá rẹ̀? Sìdíkàt ní Mọ́mì òun ń gba inú ọ̀pá náà mí, pé ẹja ni wọ́n ń wò. Mo gbá a mọ́ra, mo rò pé ìbànújẹ́ ti da orí ọmọ náà rú.

Dúró apẹja ti ọkọ̀ rẹ̀ sómi, bàbá rẹ fò sí i, wọn kò rántí pé ẹsẹ̀ ń dun àwọn. Wọ́n da àwọ̀n, wọ́n fà á, ìyàwó rẹ bá jáde láàárín ẹja, ó ń jà, ó ń ké, àwọ̀n sì fà ya. Bàbá rẹ ti ń ka kálímà sí i létí kí wọ́n tó rí i pé ó ń bú àwọn ni. Sìdíkàt kọ̀, kò túmọ̀ rẹ̀ fún wa.

Ṣùgbọ́n nígbà tó rí mi lórí iyanrìn tí mo ń gbọ̀n, ìbínú rẹ̀ rọ̀. Ó jókòó tì mí, omi ń kán lára rẹ̀ sí mi lára, ó dì mí mú. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí Sìdíkàt bi mí ìdí tí ẹ̀rù omi fi ń bà mí tó bẹ́ẹ̀, èmi tí wọ́n bí sétí ọ̀sà. Mo sọ ti Ṣàkírù fún un, ẹ̀gbọ́n rẹ tí o kò bá láyé, tí omi yìí gbé lọ tí kò dá padà. Sìdíkàt sọ ọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó rẹ na ọwọ́ sí mi. A jọ wọ ọ̀sà, omi dé orúnkún mi. Mo ń pe Ọlọ́run, Tájù, àmọ́ kò jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. Láàárọ̀ yìí, omi dé ìbàdí mi.

Jọ̀ọ́, fi owó ránṣẹ́ kí Dúró fi tún àwọ̀n ṣe, òun ni wọ́n fi ń jẹun nílé rẹ̀. Má fi í sí báǹkì o, wọ́n ní owó kì í jáde níbẹ̀ àfi téèyàn bá fọwọ́ sí i, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fọwọ́ kan owó wa. Fún Ràṣídì awakọ̀ kó mú un bọ̀.

Má kánjú wá kó wọn. Ẹ̀rù mìíràn ló ń bà mí báyìí, ti ọjọ́ tí ilé yìí yóò tún dákẹ́.

Omi kò ní gbé ọ, iná kò ní jó ọ, ojú kò ní pọ́n ọ débi tí wàá gbàgbé ọ̀nà ilé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sìmbíátù.