Apá Gíráàfù Tí Mo Bá Àbúrò Rẹ So Pọ̀

Ọmọ mi ọkùnrin,

Mo kí ọ o, mo kí ibùsùn tí o ń sùn lé, mo kí ọ̀gá tó ń rán ọ níṣẹ́. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun kánú? Olúwa kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì. Fóònù ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ya fọ́tò ohun tó ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, ṣùgbọ́n imú mi ni ẹ̀rọ náà ń yà ṣáá, ìyẹn ni mo ṣe mú bírò.

Ọmọ, nǹkan ṣẹlẹ̀! Ilé ìwé àbúrò rẹ ń wá ẹnì kan ṣoṣo tí yóò lọ ṣe ìdíje ìṣirò ní ìlú ńlá lọ́dọ̀ yín, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù ya gíráàfù sórí kádíbọ́ọ̀dù wá. Àbúrò rẹ fẹ́ lọ débi pé ó ń ka nọ́ńbà lójú oorun. Bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi rè é: nọ́ńbà kan jókòó lórí nọ́ńbà mìíràn bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí ti ìsàlẹ̀ bá di òdo pẹ́nrẹ́n, ilé ò dúró mọ́, torí kò sẹ́ni tó lè pín nǹkan fún ẹni tí kò sí. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti fa ìlà gígé-gígé kan dúró bí ọgbà, apá gíráàfù, ìyẹn ìlà tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, á máa sún mọ́ ọn, á máa sún mọ́ ọn, kò sì ní kàn án láéláé. Mo ní láéláé kẹ̀? Ìyẹn ò yàtọ̀ sí ìlérí télọ̀: ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀, títí ọmọ fi dàgbà ju aṣọ lọ. Ká sòótọ́, mo rò pé ọ̀lẹ ló ń fi bò mọ́lẹ̀ ni. Gbogbo ọmọọṣẹ́ mi ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ bí igi ò bá bára mu.

Ó yà á tán, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì iṣẹ́ mi, ó lọ wẹ̀. Mo wò ó, àánú ṣe mí. Àlàfo tó wà láàárín apá gíráàfù àti ìlà yẹn, aláǹgbá lè gbà á kọjá! Bí oníbàárà bá rí irú oríkèé bẹ́ẹ̀ lára àga mi, kò ní bú mi dé ìran kẹrin? Mo yọ pẹ́ńsù létí, mo so gbogbo ẹ̀ pọ̀ gbọnin-gbọnin. Níbi tí ó kọ nọ́ńbà ẹẹ́ta sí nísàlẹ̀, mo tún rí ihò róbótó kan lára apá náà. Mo ní kòkòrò ti dé bí. Mo po gọ́ọ̀mù mọ́ lẹ́búlẹ́bú pákó, mo dí i, mo fi sáńpépà dán an títí ó fi ń kọ mànàmáná.

Nígbà tó padà dé, ó lọgun, adìẹ sá kúrò lórí ẹyin. Ìyá rẹ ní kí n jẹ́wọ́ bóyá wọ́n rán mi sí ọmọ òun ni. Kò sí kádíbọ́ọ̀dù mìíràn, àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sì máa gbà á. Ló bá fi omijé gbé e lọ.

Gbọ́ ná! Wọ́n ní nígbà tó gbé e kọ́ sára ògiri, kíláàsì rẹ́rìn-ín títí fèrèsé fi ń mì. Olùkọ́ bi í pé ta ló fi pákó dí ìṣirò. Ó ní bàbá òun ni, káfíńtà ni. Ló bá kọjú sí gbogbo wọn, ó ní bí apá yìí bá fi lè kan ìlà tó dúró níbi nọ́ńbà oókan, a jẹ́ pé a ti fi òdo pín nǹkan nìyẹn, kò sì ṣeé ṣe. Ó ní ti ihò ibi ẹẹ́ta, òkè àti ìsàlẹ̀ ló jọ di òdo níbẹ̀, torí náà ibẹ̀ gbọdọ̀ ṣófo. Ó fi èékánná họ lẹ́búlẹ́bú mi dànù níṣojú wọn. Olùkọ́ wá bi àwọn tí tiwọn mọ́ tónítóní pé kí ló dé tí ihò fi wà lára tiwọn, ni wọ́n bá ń wojú ara wọn bí ewúrẹ́ tó rí dígí. Àbúrò rẹ ni wọ́n mú! Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé àwa méjèèjì la jọ ṣe é.

Òbí kan ṣoṣo ni wọ́n ní kó tẹ̀ lé e. Ìyá rẹ ní èmi kọ́, ó ní kí n jìnnà sí ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe ìṣirò. Ọmọ mi, ẹni tí owó ọkọ̀ bá kọ́kọ́ tẹ̀ lọ́wọ́ ló máa wọ ọkọ̀. Jọ̀ọ́, tètè fi ránṣẹ́, èmi ni kí o fi lé lọ́wọ́ o, má jẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́. Wàá rówó ná, wàá rọ́mọ bí, ohun tí o bá dáwọ́ lé yóò yọrí sí rere. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ.

Háà, ìyá rẹ ló dúró lẹ́yìn mi yìí. Ó ní kí n bá òun kí ọ, ó ní lẹ́tà tòun ti bá ọkọ̀ àárọ̀ lọ.