Díráìfù Tó Já Bọ́ Nínú Ọkọ̀

Yàrá Àtúnṣe Ẹ̀rọ,
Ẹ̀yìn Ọ́fíìsì Àgbà,
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Mo mọ̀ pé oorun ò kùn ọ́ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Kú ìrọ́jú. Ara tèmi náà ò burú. Orúnkún mi ṣì ń dùn mí, àmọ́ ẹni tó bá ń gun àkàsọ̀ ilé iṣẹ́ wa lójoojúmọ́, kí ló fẹ́ kó má dùn ún?

Kí n má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí n máa pa làpálàpá. Ọ̀gá wa ra háàdì díráìfù kan, irú èyí tó bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ gan-an, kékeré onírọ́bà tí ẹ fi ń kó fídíò wálé láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe afárá. Ó ní kí n dán an wò, kí n kọ ohun tí mo bá rí. Mo rán an létí pé àbúrò mi ni ọ́. Ó ní òun mọ̀, òun sì mọ̀ pé mi kì í yí ọ̀rọ̀. O rí i pé kò fi ibi tí mo lè gbà sá sílẹ̀.

O sọ fún un pé inú báàgì ni díráìfù wà, pé kò sí wáyà lára rẹ̀, pé dírẹ́bà ló ń sáré tó tẹ búrékì lójijì, tí báàgì fi já bọ́ láti orí ìjókòó, tí gbogbo fídíò ọ̀sẹ̀ náà fi lọ. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kí dírẹ́bà lọ jókòó sílé ná. Ọ̀gá fẹ́ mọ̀ bóyá irú ìṣubú bẹ́ẹ̀ lè ba díráìfù jẹ́, kó tó lé ọkùnrin náà pátápátá.

Mo kó fídíò ọmọ rẹ sí i, èyí tó ti ń kọ́ ìrìn. Má jáyà, ó ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà mi. Mo jẹ́ kí díráìfù já bọ́ láti orí tábìlì sórí sìmẹ́ǹtì. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ọmọ rẹ ṣì ń rìn. Mo jù ú sílẹ̀ láti orí àkàsọ̀. Mo pa ìdérí rọ́bà ẹnu rẹ̀ dé dáadáa, mo da omi lé e lórí. Akọ̀wé wa tó sanra yẹn, tí a ń pè ní Ìrọ̀rùn, gun orí rẹ̀ dúró, ó tún jó díẹ̀ sí i. Mo nù ún, mo so ó, ọmọ ń ṣubú, ó ń dìde. Kí n sọ òótọ́, mo ń gbàdúrà pé kó bàjẹ́. Kò bàjẹ́.

Ìgbà náà ni mo rántí ìwà rẹ. Láti kékeré, ẹran tí kò tíì kúrò lórí iná lo máa ń mú jẹ. Mo so díráìfù mọ́ kọ̀ǹpútà, mo ní kó máa kó fídíò lọ, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni mo tì í ṣubú láti orí àga. Ó dún kọ́-kọ́-kọ́, iná rẹ̀ kú. Ìró tí mo gbọ́ lára tìrẹ nìyẹn, lọ́jọ́ tí o gbé e wá bá mi. Nǹkan kan ń yí nínú rẹ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ ṣubú nígbà yẹn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kó fídíò sí i nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. O mọ òfin yẹn, ìwọ lo ń kọ́ àwọn tuntun, síbẹ̀ o so ó mọ́ wáyà nínú ọkọ̀.

Inú mi bàjẹ́, kì í sì í ṣe nítorí fídíò. Dírẹ́bà yẹn ló gbé ìyàwó rẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tó ń rọbí. Òun ló wá jókòó sílé báyìí nítorí ohun tí o fi ẹnu rẹ sọ.

Mi ò tíì jábọ̀ fún ọ̀gá. Ọjọ́ Ajé ni mo máa ṣe é, mi ò sì ní yọ nǹkan kan kúrò. Lọ bá a kó tó di ìgbà yẹn. Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ó lè lé ọ, ó sì lè má lé ọ. Bó bá lé ọ, yàrá wà nílé mi. Bó bá bi ọ́ nípa díráìfù, sọ fún un pé irú rẹ̀ dára, kó ra òmíràn.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kó o bá mi gbé ọmọ mọ́ra. Kí gbogbo àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Dírẹ́bà nìkan ni mi ò ní kó o bá mi kí. Fúnra rẹ ni kó o lọ kí i.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò ní kọ̀ ọ́,
Àǹtí Ẹlẹ́rọ.