Orin Tí Mo Bẹ̀rẹ̀ Tí N Kò Mọ Bí A Ṣe Ń Parí Rẹ̀

Ilé Màmá Mimie Isbister,
Òkè Etíkun,
Hamarsvoe,
Shetland.
17 Oṣù Kọkànlá, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Fenella,

Ṣé ara yín le? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ikọ́ bàbá wa àgbà ńkọ́? Láti oṣù méjì tí mo ti kúrò ní Dundee, kò sí ọjọ́ tí ọkàn mi kì í fà sí gbogbo yín. Ẹ̀kọ́ ẹja sísìn ń lọ déédéé. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni mo fẹ́ sọ, nítorí n kò rí ẹni sọ ọ́ fún níbí.

Ẹ mọ̀ pé n kì í lè lanu láàárín èrò. Màmá Mimie, onílé mi, ló ní kí n kọ́ fáólíìnì, kí n lè máa bá wọn jókòó ní gbọ̀ngàn abúlé lọ́sàn-án Sátidé. Kò sí ìwé orin o. Bí ó bá ti ń bó ọ̀dùnkún, á máa fi ẹnu kọ ọ́, èmi á máa wá a lórí okùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi kọ́ orin ijó kan ṣoṣo, "Àgùntàn Sinnie". Mo pinnu lọ́kàn mi pé bí ojú bá tì mí níbẹ̀, màá di ẹrù, màá wọ ọkọ̀ ojú omi padà wálé.

Àná ni mo lọ. Àwa mẹ́wàá la jókòó yípo, tíì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, oníkálukú ń bẹ̀rẹ̀ orin tirẹ̀, àwọn yòókù ń gbè é. Bí ó ṣe ń sún mọ́ mi ni àtẹ́lẹwọ́ mi ń tutù. Bàbá Lowrie, apẹja tó ti fẹ̀yìn tì, yíjú sí mi.

"Ọmọ Dundee, ìwọ ló kàn. Àbí o kàn ń gbé àpótí fáólíìnì yẹn kiri ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù sì bà mí débi pé eré àsápajúdé ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Níbí, bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ bá ṣe sáré ni gbogbo ènìyàn ń sáré. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fà á sẹ́yìn. Kí a tó ta orin náà tán lẹ́ẹ̀kejì, ìka mi ti dojú rú. Mo gbé fáólíìnì lé itan. Orin mi ń lọ, ó fi mí sílẹ̀.

Mo rò pé wọn yóò dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kẹta, bí èmi àti Màmá Mimie ti ń ṣe nílé. Rárá o! Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Ojú wọn pọ́n, òógùn ń bọ́, gbogbo wọn sì tẹjú mọ́ mi. Mo ní ìyà ni wọ́n fi ń jẹ mí. Mo ń wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀keje, Bàbá Lowrie pariwo:

"Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa wá ni? Dá wa dúró!"

"Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ kẹ̀! Ta ló kó wa débí? Gbé ẹsẹ̀ sókè, jàre! Ọkàn mi kì í ṣe ti ọmọdé mọ́!"

Mo gbé ẹsẹ̀ sókè. Gbogbo wọn dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

"Orí mi o!" Màmá Mimie fọwọ́ bo ẹnu. "Mi ò sọ fún un!"

Àṣé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ nìkan ló lè gbẹ́sẹ̀ sókè pé ó tó. Gbogbo wọn ti ṣe é níṣojú mi, ṣùgbọ́n ìka wọn nìkan ni mo ń wò. Àlejò lójú, kò fi ríran. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, Bàbá Lowrie ń nu ojú: "Sátidé tó ń bọ̀, orin yìí náà lo máa bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n rọra o!"

Ẹ̀gbọ́n mi, n kò di ẹrù. Àmọ́ ẹ̀rù náà kò lọ. Mo ti rí i pé àwọn àgbà yìí yóò sáré títí èémí wọn yóò fi fẹ́ pin, kàkà kí wọ́n já orin mi sílẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Ta ni ó wá tó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ í gbà? Ṣùgbọ́n mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹ bá mi kí bàbá àgbà, kí ẹ sì fi ẹnu kan ọmọ náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún mi.

Èmi ni àbúrò yín tí kò gbàgbé yín,
Ailsa.