Mo Fi Kákí Wólé-Wólé Ka Fáìlì Ọmọ Mi

Mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi lọ síbi tí iṣẹ́ ò rán mi. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó má di pé ẹ kà á títí kẹ́ ẹ tó mọ ohun tí mo ṣe. Wólé-wólé ni mí, ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìkòròdú ni mò ń bá ṣiṣẹ́, ó ti lé ní ọdún méjìlá, èmi ni mo máa ń wọ ilé onílé lọ wo ṣáláńgá àti gọ́tà, tí àwọn onílé á máa ṣe bíi pé àwọn ò sí nílé. Ní Thursday kan, mo wọ kákí mi, mo gbé fáìlì sábẹ́ apá, mo wọ mọ́tò tó ń gba Ìtòikín lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo wọ ilé ìwé tí ọmọ mi wà, mo ní mo wá ṣe inspection. Irọ́ ni. Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe agbègbè mi, ẹnì kankan ò rán mi, fáìlì ọmọ mi ni mo wá kà. Mo sì kà á. Mo tún mú nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Ní báyìí wọ́n ní kí n wá wí tẹnu mi níwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí ọ́fíìsì wa ní Wednesday tó ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín... mo nílò ìmọ̀ràn, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ojú kò tì mí, torí kò tì mí lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n pe ọmọ náà ní Mopé, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, JSS2 ló wà, boarding. Bàbá rẹ̀ ló fẹ́ boarding, torí pé aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó, èmi náà kì í sábà sí nílé, mo bá gbà. Ọjọ́ tí wọ́n máa kọ fọ́ọ̀mù, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, òun nìkan ló lọ, òun nìkan ló kọ orúkọ, òun nìkan ló fọwọ́ sí i. Mi ò kà á sí nǹkan kan. Ṣebí bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn, ká ní kí bàbá ọmọ lọ fọwọ́ sí i? Mo tiẹ̀ ń fi yangàn ní ọ́fíìsì pé ọkọ mi kì í fi ọ̀rọ̀ ìwé ọmọ ṣeré.

Nígbà tí Mopé wálé fún mid-term, mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ ahọ́n rẹ̀ ti gé, ojú ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná ni, iwájú orí rẹ̀ sì wú. Mo bi í, ó ní òun ṣubú. Mo tún bi í, ó kọ́kọ́ wo bàbá rẹ̀ kó tó dáhùn. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ irú ìwò yẹn... Bàbá rẹ̀ ní ọmọ tó ń sáré kiri ni, kí n fi í lọ́rùn sílẹ̀, kí n sáà gbé àgbo ibà tí òun rà kaná fún un. Mo gbé e kaná. Àárọ̀ àti alẹ́ ni mo ń bu àgbo yẹn fún un, ó sì ti di holiday kẹta tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí àgbo yẹn, mò ń padà bọ̀ lórí rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ lọ bí ìyá, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò gba ọ̀nà tó tọ́. Mo wọ ìró àti bùbá, mo kúnlẹ̀ kí pírínsípà, mo ní mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ọmọ mi, kí wọ́n jẹ́ kí n wo ìwé tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Wọ́n ní ẹni tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ni àwọn mọ̀. Mo ní èmi ni mo bí i. Wọ́n ní àwọn ò jiyàn, àmọ́ kí dádì wọn wá. Mo ní ṣé kí n kọ̀wé béèrè? Wọ́n ní confidential ni, school property ni. Ẹ gbọ́ ná, nígbà tí wọ́n ń fẹ́ garawa, àwọ̀n ẹ̀fọn àti gààrí, ta ni wọ́n kọ list rẹ̀ sí? Ṣé wọn ò mọ ìyá ọmọ nígbà yẹn? Mátírọ̀nù wọn, ìyá àgbà kan báyìí, jókòó síbẹ̀, kò lè wo ojú mi. Mo délé, mo bi ọkọ mi pé kí ló wà nínú fáìlì yẹn, ó ní èsì ìdánwò ni, kí ni mo tún ń wá.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n wọ kákí. Pírínsípà lọ sí ìpàdé lọ́jọ́ náà, vice principal ló bá mi rìn, kò mọ̀ mí rí, ó sì ń sáré ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo wo kitchen, mo wo ṣáláńgá, mo wo kànga. Mo dé ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn, mo ní kí wọ́n gbé register wá, torí wólé-wólé lè béèrè ìyẹn, ká lè mọ̀ bóyá ìgbẹ́ gbuuru ń yọ àwọn ọmọ lẹ́nu. Mátírọ̀nù dá mi mọ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó lọ gbé register, ó sì gbé fáìlì ọmọ mi sábẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé mo béèrè, ó wá ní kí vice principal jẹ́ kí àwọn lọ wo tánkì omi.

Ìgbà méje ni wárápá ti gbé ọmọ mi ṣánlẹ̀ ní ilé ìwé yẹn. Ìgbà méje. Ìdí ìkọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ ọ́ sí pé father informed, ọkọ mi sì fọwọ́ sí i. Lẹ́tà rẹ̀ wà níbẹ̀, ìkọ̀wé tí mo ti mọ̀ láti ìgbà tó ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí mi, ó ní kí wọ́n má sọ fún ìyá ọmọ torí pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mi ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àfi bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí àga tí mo jókòó sí yẹn. Àgbo ibà wá ńkọ́? Kì í ṣe àgbo ibà, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yẹn... ọwọ́ èmi tí mo kọ́ṣẹ́ ìlera, tí mò ń lé àwọn ará ìlú lọ sí hospital, ni mo fi ń bu àgbo wárápá fún ọmọ mi láìmọ̀.

Ní ìsàlẹ̀ fáìlì ni mo ti rí envelope kan tí wọn ò tíì ṣí, orúkọ mi ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì ilé wa. Mopé ló kọ ọ́. Nílé ìwé yẹn, àwọn ọmọ boarding kì í fi lẹ́tà ránṣẹ́ fúnra wọn, ọ́fíìsì ni wọ́n ń kó o fún kí ọ́fíìsì bá wọn fi ránṣẹ́. Wọn ò fi tèmi ránṣẹ́. Mo tì í bọ inú àpò kákí mi.

Ẹ wá wo bí iṣẹ́ mi ṣe tú mi fó. Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, vice principal gbé log book wá, ìwé tí gbogbo inspector máa ń kọ ohun tí wọ́n rí sí. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára. Omi kún ojú mi, síbẹ̀ mo kọ ọ́ pé kí wọ́n ro gọ́tà ẹ̀yìn kitchen, kí wọ́n wá ìdérí fún kànga, mo kọ orúkọ mi gan-an, mo fọwọ́ sí i, mo kọ ọjọ́. Nígbà tí wólé-wólé Ẹ̀pẹ́ débẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó rí i, ó ní ta ló wá ṣiṣẹ́ ní agbègbè òun? Bí pírínsípà ṣe dá orúkọ mi mọ̀ nìyẹn, ó yẹ fáìlì ọmọ mi wò, kò rí lẹ́tà yẹn mọ́, ilé ìwé bá kọ̀wé sí ọ́fíìsì mi. Mo gbọ́ pé wọ́n ti dé kànga yẹn ṣá.

Mo ti mú Mopé kúrò níbẹ̀. Mo gbé e lọ sí hospital, dókítà fún un ní oògùn tó ń lò lójoojúmọ́, oṣù kẹrin rèé, wárápá ò gbé e mọ́. Ọkọ mi sunkún, ó jẹ́wọ́ pé àbúrò òun obìnrin, tí wọ́n sọ fún mi pé ibà ló pa, wárápá ló ní, inú odò ló ṣubú sí. Ó ní ẹ̀rù ló ba òun pé mà á kó ọmọ, mà á lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Inú sì tún ń bí mi. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n gbà fún ìgbìmọ̀, kí ọ̀rọ̀ ọmọ má bàa di ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri ìlú, pé ta ni yóò fẹ́ ẹ lọ́jọ́ iwájú. Ọ̀gá mi ní ibi iṣẹ́ náà sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ohun mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ fẹ́: kí n kọ̀wé tọrọ àforíjì, kí n dárúkọ ẹni tó fún mi ní fáìlì, kí n sì dá lẹ́tà náà padà, torí pé ohun tó bá ti wọ fáìlì ti di ti ilé ìwé. Bí mi ò bá ṣe é, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi.

Kákí tí mo wọ lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo lè bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn, mo mọ̀ pé mo rú òfin. Orúkọ ìyá àgbà yẹn kò ní jáde lẹ́nu mi láéláé. Ti lẹ́tà yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí. Kò gùn. Ó ní, Mummy, mo máa ń ṣubú. Daddy ní tẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ máa kú. Tí kì í bá ṣe òótọ́, ẹ wá ní visiting day. Mi ò lọ ní visiting day yẹn, bàbá rẹ̀ ní kí n sinmi, òun á lọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn títí di Thursday tí mo wọ kákí, ọmọ mi rò pé mo ti ka lẹ́tà òun, mo kàn ní mi ò wá ni. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ̀ ń kà mí, orúkọ mi ló wà lára envelope yẹn... ṣé kí n dá a padà?