Oògùn Ìtọ̀ Tó Mú Bàbá Yín Dọ̀bálẹ̀

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ, títí kan èyí tó máa ń pariwo sínú fóònù tí kì í jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí o ń sọ. Ṣé gbogbo yín jí dáadáa? Ọlọ́run á máa bá yín ṣọ́ ilé, á máa bá yín ṣọ́ ọ̀nà, ẹ ò ní fi owó oúnjẹ ra oògùn. Bí o bá béèrè wa, a wà láàyè. Èmi le. Bàbá yín náà le báyìí, ṣùgbọ́n ó ṣubú lọ́pọ̀ ìgbà kó tó le, ìyẹn ni mo fi ní kí a kọ ìwé yìí. Aránṣọ tó wà lójúde wa ló ń bá mi kọ ọ́. Ó ti ń bẹ̀ mí láti àárọ̀ pé kí n má dárúkọ ìtọ̀ nínú ìwé, pé ká pè é ní ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. Mo ní ìtọ̀ ni kó kọ, òun kọ́ ló ń fọ ṣòkòtò.

Owó tí o ní o fi sínú fóònù dé. Fóònù dún, wọ́n ní owó ti wọlé, mo gbọ̀n ọ́n títí, kò sí nǹkan kan tó jábọ́. Ọmọbìnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta ló bá wa yọ ọ́, mi ò mọ ojú ihò tó gbà yọ ọ́, a sì fi lọ sí ọsibítù.

Dókítà tó rí bàbá yín kéré, irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì ń ronú bóyá kó hù. Ó béèrè bí bàbá yín ṣe ń tọ̀. Bàbá yín ní dáadáa ni. Mo ní irọ́ ni, ó ń dúró bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò ni, nígbà tí mọ́tò bá sì jàjà dé, èrò méjì péré ló máa gbé, á tún kú sójú ọ̀nà. Wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi nǹkan tútù kan tó ń yọ̀ pa á níkùn, wọ́n wá gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún lé e lórí. Mo ń wo gíláàsì ẹ̀rọ náà. Nígbà tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo bi dókítà pé ṣé akọ ni àbí abo. Ó ní kì í ṣe oyún. Ó ní gbogbo ọkùnrin ló ní ohun kékeré kan bí èso lábẹ́ àpò ìtọ̀, òun ló yí ọ̀nà ìtọ̀ po, bí ọkùnrin bá ti ń dàgbà ló ń wú, tí á sì máa fún ọ̀nà náà pa. Pròsítéètì ló pè é. Mo ní, gbogbo ọkùnrin? Ó ní gbogbo wọn. Mo ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi kí n tó fẹ́ ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kì í ṣe jẹjẹrẹ, ó kàn wú ni.

Ó wá kọ oògùn fún un. Ó ní hóró kan lójúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ kan náà lójoojúmọ́, kó fi omi gbé e mì, kó má fi eyín fọ́ ọ. Bàbá yín ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́. Kò gbọ́ nǹkan kan. A délé tán, ó ní oúnjẹ máa ń jókòó lé oògùn lórí ni, kì í jẹ́ kó rí ọ̀nà kọjá, nítorí náà kí òun tó fẹnu kan nǹkan láàárọ̀ ni òun á máa lò ó. Ìwé kan wà nínú páálí oògùn náà, wọ́n ká a bí ìgbà tí èèyàn ká aṣọ sínú àpótí kékeré. Mo ní kí aránṣọ kà á fún mi. Ó ní oògùn náà lè mú òòyì wá, ó lè mú kí imú dí, ó lè mú kí orí fọ́. Èmi rò pé ohun tí a sanwó fún nìyẹn. Lọ́jọ́ tí òòyì dé, inú mi dùn, mo ní iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Imú dí, mo dúpẹ́. Orí fífọ́ nìkan ló kù tí kò dé, mo sì ti ń múra láti lọ bá ẹni tó tà á pé ó rẹ́ wa jẹ.

Wàyí o, o mọ̀ pé inú ọgbà kan náà ni àwa àti ẹ̀gbọ́n bàbá yín ń gbé, ṣálángá kan ṣoṣo ló sì wà fún ilé méjèèjì. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ nìyẹn lẹ́yìn tí o ti padà sí ìlú ńlá, n kò fẹ́ dà ọ́ láàmú ni mi ò fi sọ. Bàbá yín á wọlé, kò ní jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á dúró síta, wọ́n á máa kan ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan bàbá yín sọ̀rọ̀ látinú ibẹ̀, ó ní àgbà tí kò bá lè mú ìtọ̀ mọ́ra, kó lọ máa sùn láàárín àwọn ọmọ ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ra àgádágodo, wọ́n fi ti ṣálángá, wọ́n so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ wọ́n ní Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́, láti ọjọ́ náà ni bàbá yín sì ti ń lọ bẹ àwọn ará ọgbà kejì kó tó lè tọ̀. Bí ọ̀kan bá gba ọ̀tún, èkejì á yà sósì. Mọ̀lẹ́bí bẹ̀ wọ́n, pásítọ̀ bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ní kí àbúrò wá dọ̀bálẹ̀. Àbúrò ní òun á kúkú máa tọ̀ sí ilé onílé títí òun á fi kú.

Bàbá yín jókòó sórí àpótí lójúde láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti gbé hóró oògùn mì láìjẹun. Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ ń kọjá. Bàbá yín fò dìde kó lè kẹ̀yìn sí wọn bó ti máa ń ṣe. Òòyì bá gbé e. Ó nà gbalaja síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, orí rẹ̀ wọ inú báàfù tí mo fi ń fọ abọ́. Mo rò pé ó kú ni. Kí n tó lanu, Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn, wọ́n ní ó tó, àbúrò mi, dìde, ó ti tán. Àwọn ará àdúgbò pàtẹ́wọ́. Bàbá yín gbójú sókè pẹ̀lú ọṣẹ nímú, ó fẹ́ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo yáa fi ẹsẹ̀ tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ pé kó dákẹ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n ṣí ṣálángá.

Ìgbà tí àwọn méjèèjì wá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ìtọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ. Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ ní àwọn náà ò rí i tọ̀, ìdí tí àwọn fi ń kan ilẹ̀kùn nìyẹn, ojú ló sì ń ti àwọn láti tú ṣòkòtò níwájú dókítà tó jẹ́ ọmọ àná. Bàbá yín ní kí wọ́n má lọ síbì kankan, ohun tí ọmọ ìyá kan bá ní, ti àwọn méjèèjì ni. Bí wọ́n ṣe ń pín oògùn lójoojúmọ́ nìyẹn, hóró kan fún ẹ̀gbọ́n, hóró kan fún àbúrò.

Ibẹ̀ ni ilé wa ti di ibi ìran. Bí ẹ̀gbọ́n bá wọlé, àbúrò á fò dìde láti yẹ́ wọn sí, á ṣubú. Ẹ̀gbọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, bí wọ́n bá ti nàró báyìí, àwọn náà á ṣubú lé e lórí. Àwọn ará àdúgbò ní àwọn ò rí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Pásítọ̀ fi wọ́n wàásù, ó ní ẹ wo àgbà méjì tó ń bá ara wọn du ilẹ̀. Àwọn tọkọtaya tó ń jà wá jókòó sójúde wa láti kẹ́kọ̀ọ́. Èmi kó àpótí àti báàfù kúrò lọ́nà, mo tẹ́ tìmùtìmù.

Láàárọ̀ Sátidé, Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ ṣubú, wọn ò dìde. Àwọn èèyàn ṣì ń pàtẹ́wọ́. Mo fọwọ́ kan iwájú orí wọn, ó tutù bí omi àmù, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn. Bàbá yín ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n òun ń gbàdúrà ni. Mo ní àdúrà wo ni wọ́n ń fi itọ́ ẹnu gbà. Mo lọ pe apoògùn, obìnrin tó ta oògùn náà fún wa, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò jìnnà. Ó gbé ẹsẹ̀ wọn lé tìmùtìmù, ó wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ojú rẹ̀ yí padà. Ó béèrè ohun tí wọ́n gbé mì, mo sọ. Ó béèrè bóyá wọ́n ń lo nǹkan mìíràn, mo ní wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó ní oògùn méjèèjì ló ń fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, bí ìgbà tí ẹni méjì jọ ń fa okùn kan, àti pé bí wọ́n bá tún gbé hóró kan mì, wọ́n lè má jí mọ́. Ó ní oògùn tí dókítà kọ fún ẹnìkan, ti ẹni náà nìkan ni, ọmọ ìyá kì í pín in.

Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ wá lajú. Apoògùn ní ká máa gbé wọn lọ sí ọsibítù. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní oògùn tó parí ìjà ilé àwọn kò lè pa àwọn, ohun tí àbúrò àwọn fi tọkàntọkàn fún àwọn, àwọn ò ní pa á tì. Wọ́n tún ń na ọwọ́ sí páálí oògùn.

Mo wo bàbá yín. Ó ń wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé àgádágodo ló ń rò, èmi náà ń rò ó. Bó bá sọ òtítọ́, ìjà á padà. Bí kò bá sọ ọ́, a ó sin èèyàn. Ó gbẹ́sẹ̀ lé páálí náà, ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, n ò dọ̀bálẹ̀ fún yín rí. Oògùn yìí ló gbé mi ṣubú. N ò tiẹ̀ ní i lọ́kàn."

Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ ní:

"Mo mọ̀. Ta ló ń ki orí bọ inú báàfù kó tó tọrọ àforíjì? Ṣùgbọ́n mo ti darúgbó. Bí mo bá ní kí n dúró dìgbà tí ìwọ máa fúnra rẹ dọ̀bálẹ̀, orí ibojì mi lo ti máa ṣe é."

Bàbá yín ní, kí ló dé tí wọ́n fi ń gbé oògùn náà mì. Wọ́n ní bí àwọn bá kọ̀ ọ́, á rò pé àwọn ṣì ń bínú. Wọ́n wá ní ká pe mọ́tò.

Ọsibítù dá wọn dúró fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ti padà sílé. Apoògùn kọ́ bàbá yín lẹ́kọ̀ọ́ lójú mi. Ó ní kó jẹun kó tó lo oògùn. Bó bá fẹ́ dìde, kó kọ́kọ́ jókòó, kó gbẹ́sẹ̀ lélẹ̀, kó di nǹkan mú. Bó bá gbàgbé hóró kan, kó má fi méjì dí i. Kó má ra oògùn ọ̀fìnkìn láìbéèrè, torí òmíràn wà tó ń ti ìtọ̀ pa, bí ìtọ̀ bá sì kọ̀ pátápátá, ọsibítù ni kó sáré lọ. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un, kó sọ fún wọn pé òun ń lo oògùn yìí. Mi ò mọ ohun tó kan ojú nínú ọ̀rọ̀ ìtọ̀, ṣùgbọ́n mo ní kí aránṣọ kọ ọ́. Bàbá yín ń ṣe gbogbo rẹ̀ báyìí, ó sì ń tọ̀ bí ọ̀dọ́. Kò dọ̀bálẹ̀ títí di òní, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò sì béèrè. Àwọn ará àdúgbò ló ń bínú, wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ ti dínkù nínú ilé wa.

Fi owó ránṣẹ́. A fẹ́ kí Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ padà lọ rí dókítà nítorí ìtọ̀ tiwọn, kí wọ́n ní oògùn tiwọn, a sì fẹ́ gbẹ́ ṣálángá kejì, torí àgbà méjì ò ṣeé kó sójú ihò kan. Ìwọ náà, lọ yẹ ara rẹ wò, dókítà ní gbogbo ọkùnrin ni. Má sọ pé ojú ń tì ọ́, èmi ni mo bí ọ, kò sí ohun tí mi ò tíì rí.

Ọlọ́run á fi ẹ̀mí gígùn kẹ́ ọ. Lọ́jọ́ tí o bá ṣubú, ẹni tó mọ̀ pé o ò dọ̀bálẹ̀, tó sì máa gbé ọ dìde náà, ni yóò wà níwájú rẹ.

Ìyá rẹ ni. Aránṣọ ti fi yíǹkì kùn mí ní àtàǹpàkò, òun ni mo tẹ̀ sísàlẹ̀ yìí.